Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ Sílẹ̀ Bí Ẹ Ṣe Ń Sọ̀rọ̀: Àlàyé lórí Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ńlá

Láti ọdún 1960 tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ewékorò ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń pọ̀ sí i ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lónìí, ẹni tó bá gba Agbára, Ọ̀tà, Ṣágámù tàbí Ìbéṣè kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kò ní ṣàì rí àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu géètì, tí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì di àpò tí wọ́n kó ìwé ẹ̀rí wọn sí mú mọ́ àyà. Wọ́n pè wọ́n fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Àwọn kan nínú wọn ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Àwọn mìíràn yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ará ilé kí wọ́n tó débẹ̀.

Bí wọ́n bá jáde, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ kì í yàtọ̀: "Kò sí ìbéèrè tí n kò dáhùn, síbẹ̀ wọn kò pè mí mọ́." Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń parí rẹ̀ sí pé ẹni tó mọ ọ̀gá ni wọ́n gbà, tàbí pé orí ló gbe ẹlòmíràn. A kò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ ènìyàn kò sí nínú ìgbaniṣíṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó wà, kò sì dára. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọn kò gbà, ọ̀pọ̀ ló wà tó jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò ju èyí lọ: ìbéèrè kan ni wọ́n dáhùn, ìbéèrè mìíràn ni ilé-iṣẹ́ náà ń bi wọ́n. Ìdí tí a fi kọ àlàyé yìí nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kì í ṣe ìtàkùrọ̀sọ lásán. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ bá ọkùnrin méjì àti obìnrin kan lẹ́yìn tábìlì, ẹ ó rí i pé wọ́n ń wo ìwé kan, wọ́n ń kọ nǹkan sí i, wọ́n tún ń gbójú sókè wò yín. Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ló máa ń rò pé àṣìṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ẹ̀rù a sì bà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, orí ìwé yẹn ni wọ́n ti to àwọn ìwà àti ìmọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ sí kí ẹnikẹ́ni tó wọlé: bóyá ìfarabalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ààbò lẹ́nu iṣẹ́, bóyá bí ènìyàn ṣe ń bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, bóyá bí ó ṣe ń yanjú ìṣòro. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àyè wà fún máàkì. Ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi gbogbo ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá parí, olúkúlùkù wọn yóò gbé máàkì tirẹ̀ kalẹ̀, wọn yóò sì fi wọ́n wé ara wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ohunkóhun kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyanjú ìṣòro, yóò pàdánù máàkì ibẹ̀, kódà bí gbogbo wọn bá fẹ́ràn rẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1921, Thomas Edison, gbajúgbajà onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà nì, ní ìdánwò kan tó ń fún àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè inú rẹ̀ ju 140 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ irú ìbéèrè pé níbo ni odò Volga wà. Nígbà tí ìdánwò náà di ọ̀rọ̀ ìlú, wọ́n bi Albert Einstein, tó ṣe àbẹ̀wò sí Boston lọ́dún náà, pé báwo ni ìró ṣe ń yára tó nínú afẹ́fẹ́. Ó fèsì pé òun kì í kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé ló wà. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́n jù láyé nígbà náà ni yóò ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ilé-iṣẹ́!

Ní ayé tiwa, Google ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó lọ síbẹ̀ wáṣẹ́ máa ń ròyìn àwọn àlọ́ tí wọ́n pa fún wọn: bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló lè kún inú ọkọ̀ òfurufú kan? Ilé epo mélòó ló wà ní Manhattan? Àwọn kan kọjá lọ́dọ̀ afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ju mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí. Ní 2013, Laszlo Bock, ẹni tó jẹ́ olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, sọ fún ìwé ìròyìn New York Times pé ilé-iṣẹ́ náà ti yẹ àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé àwọn àlọ́ wọ̀nyẹn kò fi hàn rárá bóyá ènìyàn yóò mọ iṣẹ́ ṣe. Ó ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe kò ju pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tó ń béèrè rí ara rẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n. Wọ́n tún rí i pé afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́rin ti tó láti mọ ẹni tó yẹ. Ìbéèrè tó ṣeé gbára lé ni èyí tó dá lórí ohun tí ènìyàn ti ṣe rí, tí wọ́n bi gbogbo olùwáṣẹ́ bákan náà, tí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ìdáhùn wọn. Ohun tó jọ èyí ni Frank Schmidt àti John Hunter ti sọ ní 1998, nígbà tí wọ́n kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ní ètò ń fi bí ènìyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́ hàn ju èyí tí kò ní ètò lọ.

Ọ̀nà yìí kò dúró sí Amẹ́ríkà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka káàkiri ayé gbé e dé Èkó àti Ògùn, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa pẹ̀lú sì ń lò ó. Ẹ ó dá a mọ̀ nípa bí ìbéèrè ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: "Sọ fún wa nípa ìgbà kan tí…" Ìgbà kan tí ìwọ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ kò gbọ́ ara yín yé. Ìgbà kan tí iṣẹ́ kò lọ bí o ṣe fẹ́. Ìgbà kan tí o rí ohun tó léwu.

Níbí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ Yorùbá. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló yẹ kó yin ni. Bí a bá ṣe ohun tó dára, "a" ni à ń lò: a gbìyànjú, a dúpẹ́, Ọlọ́run ló ṣe é. Ọmọ tó bá ń wo àgbàlagbà lójú kòrókòró nígbà tó ń sọ̀rọ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kọ́ rere ni gbogbo èyí, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Àmọ́ ìwé tó wà níwájú àwọn tó jókòó yẹn kò ní àyè fún "a". Bí olùwáṣẹ́ bá ní "a tún ẹ̀rọ náà ṣe", kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òun ló tú ẹ̀rọ ọ̀hún palẹ̀ tàbí òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún ẹni tó tú u. Afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá béèrè pé, kí ni ìwọ gan-an ṣe? Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ló máa ń gbọ́ ìbéèrè yìí bí ìgbà tí wọ́n ń fura sí wọn. Wọn a rẹ̀wẹ̀sì, ohùn wọn a sì wálẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni ìbéèrè náà. Ẹni tó béèrè rẹ̀ ń wá ohun tí yóò fi fún yín ní máàkì ni, kò sì tíì rí i.

Ìròyìn yàtọ̀ sí ìgbéraga. Ẹlẹ́rìí tó dúró níwájú adájọ́ kò yin ara rẹ̀ bó bá ní "mo rí i, mo sáré lọ, mo ké pe àwọn ará àdúgbò". Ohun tó ṣe ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe. Ní ti ojú wíwò, kò sí ẹni tó ní kí ẹ ranjú mọ́ wọn. Ẹ wo ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ parí rẹ̀, ó tó.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan gbé e yẹ̀ wò. Kí á ní ọ̀dọ́bìnrin kan wá fún iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ kan, kò sì tíì ṣiṣẹ́ oṣù rí. Wọ́n ní kó sọ ìgbà kan tó dín òfò kù níbikíbi. Ó lè dáhùn pé: "Mo jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ takuntakun, mo lè ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ mi, mo sì jẹ́ olóòótọ́." Ọ̀rọ̀ tó dára ni, bóyá òótọ́ sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wọlé ṣáájú rẹ̀ ló ti sọ bẹ́ẹ̀, afọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò sì ní nǹkan tó lè kọ sílẹ̀. Ó sì lè dáhùn báyìí pé: "Ìyá mi ń ta búrẹ́dì ní Ṣágámù. Lójoojúmọ́, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń ṣẹ́kù tó sì ń bàjẹ́. Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń kọ iye tó tà lójúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rí i pé ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ló ń tà jù. Mo bá ẹni tó ń gbé búrẹ́dì wá sọ̀rọ̀ pé kó dín tàwọn ọjọ́ yòókù kù. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, èyí tó ń ṣẹ́kù kò ju mẹ́rin lọ."

Kò sí ìyìn ara ẹni kankan nínú ìdáhùn kejì yìí. Síbẹ̀ gbogbo ohun tí ìwé wọn ń béèrè ló wà níbẹ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ìṣòro tó wà nílẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, àti ibi tó já sí, pẹ̀lú iye tí a lè kà. Ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí gan-an ni ọmọbìnrin yìí ti ń ṣe nínú ìsọ̀ ìyá rẹ̀. A tẹnu mọ́ èyí nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀ wa tó gbà pé àwọn kò ní ìrírí ni wọ́n ti bójú tó ìsọ̀, tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìlú tí wọ́n ti sìnrú ìlú, tí wọ́n ti ṣe akápò ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ti tún jẹnẹrétọ̀ ṣe fún gbogbo ojúlé. Ìrírí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jókòó nílé kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ wá ìtàn mẹ́rin tàbí márùn-ún bẹ́ẹ̀ jáde nínú ayé yín, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè fún ẹnì kan gbọ́. Òótọ́ ni kó jẹ́ o, torí wọn yóò tún béèrè síwájú sí i: ta ni ẹni tó ń gbé búrẹ́dì náà wá, kí ló kọ́kọ́ sọ nígbà tí o bá a sọ̀rọ̀? Níbi ìbéèrè kejì tàbí ìkẹta ni ìtàn àyálò máa ń já.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìgbà kan tí ẹ ṣe àṣìṣe. Àwọn kan a ní àwọn kò ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn mìíràn a sọ pé àléébù àwọn ni pé àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ jù, ẹ̀rín sì ni èyí máa ń pa ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ogún ènìyàn láti àárọ̀. Ẹ ro ohun tí ilé-iṣẹ́ ń wá. Níbi tí ẹ̀rọ gbígbóná àti kẹ́míkà wà, ẹni tó ń fi àṣìṣe pa mọ́ lè pa ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn. Ẹni tó lè sọ pé "mo ṣì í, mo sọ fún ọ̀gá mi lójú ẹsẹ̀, ohun tí mo yí padà lẹ́yìn náà nìyí" ni ọkàn wọn máa ń balẹ̀ lé lórí.

Ní òpin, wọn yóò béèrè bóyá ẹ̀yin náà ní ìbéèrè. "Rárá o, sà" ni ọ̀pọ̀ máa ń wí, nítorí ìtẹríba. Ẹ béèrè ohun kan tó kan iṣẹ́ náà: ta ni n óò máa jábọ̀ fún, báwo ni wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ọ̀sán àti ti òru, kí ni ẹ ó fẹ́ kí n ti mọ̀ ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà?

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣáájú gbogbo èyí kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣirò, òye kíkà àti àwòrán ni ó sábà máa ń dá lé, àkókò rẹ̀ sì kéré. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ jáde níbẹ̀ ni iná tó lọ àti íntánẹ́ẹ̀tì tó já. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe é nílé, ẹ wá ibi tí iná ti dájú ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. "A ó pè yín" lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó sì lè má wáyé láéláé. Nínú gbogbo ohun tí àwọn olùwáṣẹ́ ń ròyìn, bóyá èyí ló ń dùn wọ́n jù, wọ́n sì jàre. Ilé-iṣẹ́ tó lè fi ẹ̀rọ pe ẹgbẹ̀rún ènìyàn wá lè fi ẹ̀rọ kan náà sọ fún wọn pé kò bọ́ sí i. Kí ilé-iṣẹ́ tó yí ìwà yìí padà, ẹ lè kọ lẹ́tà kúkúrú kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Kí ẹ má sì dá ìwáṣẹ́ níbòmíràn dúró nítorí rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí òfin kò fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ilé-iṣẹ́. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ nítorí kòkòrò àrùn HIV, ti ọdún 2014, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti sọ àyẹ̀wò HIV di dandan kó tó gba ènìyàn, àyàfi níbi díẹ̀ tí òfin náà fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀. Òfin tó dáàbò bo àwọn ènìyàn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, kò gbà kí wọ́n ti ènìyàn sẹ́yìn nítorí ìpèníjà náà. Bí ẹ bá ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí tí ẹ nílò ẹni tí yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní èdè àwọn adití, ẹ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n lè pèsè sílẹ̀. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí Àdéhùn nọ́ńbà 111 ti Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé láti 2002, tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ènìyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tàbí nítorí ẹ̀sìn àti ìran rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn obìnrin ṣì ń ròyìn pé wọ́n bi àwọn léèrè ìgbà tí àwọn yóò lọ́kọ tàbí tí àwọn yóò bímọ. Ẹni tí wọ́n bá bi bẹ́ẹ̀ lè fi pẹ̀lẹ́tù dá ọ̀rọ̀ padà sórí iṣẹ́: "Àkókò iṣẹ́ tí ẹ kọ sínú ìpolówó yé mi, mo sì lè ṣe é." Kí ó kọ ọjọ́ náà àti ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó bá délé.

Ní ti owó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn gbájúẹ̀ mọ bí ojú ṣe ń pọ́n àwọn olùwáṣẹ́ tó. Wọn a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tó lókìkí ránṣẹ́ síni, wọn a pe ènìyàn sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé alájà kan tí kò ní àkọlé, wọn a ní kó san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́, owó àyẹ̀wò ara. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà síṣẹ́. Kò sì sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì yín nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà ní ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹ lè béèrè láti rí i. Ẹni tó bá fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ ènìyàn sì wà lábẹ́ òfin tó de jìbìtì ti ọdún 2006, tó fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju ọdún 20 lọ lélẹ̀, láìsí àyè owó ìtanràn. Bí wọ́n bá ti gba tiyín, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìwé ìsanwó, kí ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì EFCC. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró.

Bí ìròyìn ayọ̀ bá wá dé, ẹ ka lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ náà tán kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ má sì fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ wo bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó pè yín ló wà lórí lẹ́tà náà tàbí ti alágbàṣe kan tí ẹ kò gbọ́ rí, nítorí alágbàṣe náà ni yóò máa san owó oṣù yín. Fún àwọn òṣìṣẹ́ tí Òfin Iṣẹ́ kàn, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó fún wọn ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ náà, iye owó rẹ̀, bí wọn yóò ṣe máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sọ fún ẹnì kejì kí àdéhùn náà tó lè dópin.